Obìnrin Olóṣùwọ̀n

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn bíìtì
lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ṣúgà.
Bíìtì: ó ta bí iṣu, kì í ṣe iṣu,
ẹrẹ̀ bo ara rẹ̀, adùn wà nínú.
Tírélà á gun òṣùwọ̀n, irin á kérora,
n ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, n ó yọ ti ẹrẹ̀ kúrò,
àgbẹ̀ á bú mi, n ó rẹ́rìn-ín.
Tó bá di oṣù Kẹwàá, kò sí aṣọ tí a sá síta
tí kì í gba òórùn ṣúgà tó fẹ́ jóná.

Ọjọ́ tí Látífíà wọ ọjà ńlá,
wọ́n ta àsíá búlúù, ìràwọ̀ méjìlá pagbo lára rẹ̀.
Arvīds ọkọ mi ní, "Ọjà tó bá fẹ̀, ẹsẹ̀ ibẹ̀ a máa pọ̀."
Mo ní, "Ẹsẹ̀ tó pọ̀ náà ló ń tẹni mọ́lẹ̀."
Àwa méjèèjì la sọ òótọ́.

Ọkùnrin kan dé láti Ríígà,
ó fi àwòrán kan hàn wá lára ògiri,
ìlà pupa tó ń gòkè bí ẹni ń gun àkàbà.
Ó ní ohun tí òṣìṣẹ́ kan ń ṣe ní wákàtí kan
ti di ìlọ́po méjì.
Mo nawọ́. "Ọ̀gá, ta ni òṣìṣẹ́ kan yẹn?
Àwa irinwó la jókòó síbí."
Ó wo aago rẹ̀.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un.
Tiwa kì í ṣe ilé ọba.
Wọ́n gé àwọn ìkòkò irin ńlá wa sí wẹ́wẹ́,
wọ́n kó o sí tírélà, ó di àlòkù irin,
orí òṣùwọ̀n mi ló gbà jáde.
Èmi náà ni mo kọ nọ́ńbà rẹ̀.
Lọ́jọ́ yẹn, n kò yọ ti ẹrẹ̀.

Raivis ọmọ mi ń já olú ní Ayálándì.
Madara, ọmọ àbúrò mi, ń tẹ bọ́tìnnì
níbi tí ẹ̀rọ ti ń la pákó fún àwọn ará Nọ́wè:
òun àti ẹni méjì, iṣẹ́ ogójì ènìyàn.
Owó oṣù rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́rin ju tèmi lọ.
Inú mi dùn.
Mo fi Ọlọ́run búra, inú mi dùn.

Láàárọ̀ yìí mo ra ṣúgà. Èdè tí n kò gbọ́
ni wọ́n fi kọ ara àpò rẹ̀.
Mo gbé e ka òṣùwọ̀n kékeré inú ilé ìdáná:
kìlò kan, kò lé, kò dín.
Mo tún wọ̀n ọ́n.