Ẹ̀tàlélógójì

Sandag tún ti gé tísà jẹ.
Ọmọ ọdún méje, eyín iwájú méjì ti yọ,
síbẹ̀ ojú eyín rẹ̀ hàn lọ́wọ́ Tísà Norjmaa bí òǹtẹ̀.
Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: olóríkunkun,
kò gbọ́ràn, kò lè ka oókan dé ogún.
Ọ̀gá ní bó bá tún fọ́ fèrèsé kan sí i,
kí bàbá rẹ̀ gun alùpùpù wá mú un lọ.
Ìrìn ọjọ́ kan ààbọ̀ ni, nínú yìnyín.

Èmi kì í ṣe tísà.
Ilé tí àwọn ọmọ darandaran ń sùn ni mò ń ṣọ́,
mò ń koná, mò ń ká aṣọ ìtẹ́sùn tí wọ́n tọ̀ sí.
Wọ́n ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn,
òun náà ò ní fojú ba oorun.
Ìyá Sandag wà lẹ́yìn òkè mẹ́ta. Bóyá ó ń sùn, n ò mọ̀.
Èmi lẹni tó ń jí.

Lóru Ọjọ́bọ̀, mo bá ibùsùn rẹ̀ lófìfo.
Abẹ́ rẹ̀ ló wà, ó nà sórí pákó tútù,
ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ṣe bí àdúrà ni.
"Abilà, ọ̀kan. Oníwo-kan, èjì.
Èyí tó kọ ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ẹ̀ta…"
Ó ń ka àgùntàn ilé wọn bí wọ́n ṣe ń wọ agbo nírọ̀lẹ́,
ó kọjá ogún, ó kọjá ọgbọ̀n, kò ṣì í kà,
ó dé ẹ̀tàlélógójì, ó dákẹ́.
Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dákẹ́ síbẹ̀.
Nígbà kẹta ló fẹsẹ̀ ta irin ibùsùn gbàǹgbà,
gbogbo ilé jí.

Èṣí ni òtútù ńlá jà lọ́dọ̀ wọn.
Ọ̀ọ́dúnrún ni agbo bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Wọ́n ní àgùntàn kú lórí ìdúró,
wọ́n ní ọmọ náà ló ń gbọn yìnyín kúrò lójú wọn.
Ta ló bi í nígbà tó dé kíláàsì?
Ogún òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n kó síwájú rẹ̀,
wọ́n ní, "Kà á."

Mo dùbúlẹ̀ tì í, tèmi ti egungun àgbà mi.
Mo ní, "Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́? Àwọ̀ wo ló ní?"
Ó dákẹ́ títí iná ààrò fi rọ.
Lẹ́yìn náà, ó ki ọwọ́ mi bọnu,
kò gé e,
kò sì tú u sílẹ̀,
ẹnu dídì yẹn ló fi sọ ọ́:
"Funfun. Etí kan dúdú."