Ojú Fèrèsé Ìbéèrè, Wínípẹ́gì

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ṣí fèrèsé.
Ibùdókọ̀ ojú irin ṣì ń yán.
Àjèjì àkọ́kọ́ ti fi ìgbọ̀nwọ́ ti pákó mi:
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi ẹ̀rọ yín ṣeé mu?"
Ó ṣeé mu. Òun náà ni mò ń mu.
"Ṣé dandan ni kí n fi owó sílẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá?"
Kì í ṣe dandan, àmọ́ bí ẹ ò bá fi sílẹ̀,
ojú rẹ̀ á sìn yín dé ẹnu ọ̀nà.
"Apá ibo ni òkun wà?"
Òkun kò sí níhìn-ín, bàbá.
Pápá ni ẹ ó máa wò títí ọrùn á fi ro yín.

Ọkùnrin ará Japan kan fẹ́ rí béárì funfun.
Mo ní kó wọ ọkọ̀ Ṣọ́ọ̀ṣìlì, ọjọ́ méjì gbáko.
Ó ní ṣé wọn kì í wá sí ibùdókọ̀ níhìn-ín?
Mo ní béárì kò ní tíkẹ́ẹ̀tì.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Gbogbo ìdáhùn ló wà lára páálí
tí ọ̀gá mi, Darlene Kowalchuk, lẹ̀ mọ́ tábìlì:
iye wákàtí, iye dọ́là, ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà.
Ẹni tí wọ́n ń bi ńkọ́?
Èmi tí mo dé lóru, ní ìparí oṣù kọkànlá,
tí funfun pàdé mi, tí funfun kò tíì padà lẹ́yìn mi,
èmi ni mò ń júwe ìlú fún ayé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá Àwẹ̀ró sọ̀ kalẹ̀,
ará Ìlá, òru méjì láti Tòróńtò,
torí ó ní ọkọ̀ òfurufú ẹ̀ẹ̀kan ti tó òun láyé.
Ọmọ rẹ̀ bímọ ní Bírándọ̀n.
Kò béèrè omi, kò béèrè owó.
"Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ wà lábẹ́ nǹkan yìí?"

Mo wo páálí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ́ ọmọ ti já láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.
Wọ́n fi sínú ike, wọ́n gbé e sínú fíríìsà,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Èmi ni wọ́n ń dúró dè.
Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ni mo ti ń wá ibi tí a ó gbẹ́,
n ò rí ibì kankan."

Mo ti fèrèsé. Mo gbé MO Ń BỌ̀ kọ́.
A jáde lọ sídìí igi kan níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò.
Mo fi gìgísẹ̀ bàtà gbẹ́, ó fi ẹnu agboòrùn ró o:
funfun, lẹ́yìn náà eérú,
lẹ́yìn náà yìnyín tó dán bí ìdí ìgò,
kí dúdú kan tó yọ, kò ju owó ẹyọ lọ.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó fi ìka kàn án,
ó gbé ìka síwájú imú.
"Ilẹ̀ ni," ó ní.
"Ó le bí ojú olówó gbèsè. Àmọ́ ilẹ̀ ni.
Ìgbà wo ló máa ń jí?"

Mo ní, Màmá, n kò mọ̀. Èmi náà kò tíì rí i rí.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ti ń fun fèrè mọ́tò.
Ó nu ìka sí etí ìró, kò nù ún mọ́ tán.

Nígbà tí mo padà, èèyàn mẹ́rin ti tò.
"Ibo la ti ń ra bàtà yìnyín?"
Mo dá wọn lóhùn. Mo mú báírò,
lábẹ́ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mo kọ ọ́ ní èdè wa:
Ilẹ̀ wà. Igi kẹta lápá òsì. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn.
Darlene ní kí ni mo kọ yẹn.
Mo ní àdírẹ́sì ni.