Ẹyẹ Tó Ṣẹ́jú

Ogójì ọdún ni mo fi ya ojú èèyàn ní Ẹ̀pẹ́:
ojú ẹni tó ń wá pásípọ́ọ̀tù, ojú ẹni tó ń wáṣẹ́,
ojú ìyàwó tuntun tí tìróò rẹ̀ kò tíì gbẹ.
Níwájú aṣọ búlúù tí mo ta mọ́ ògiri,
èmi ni mo ń pàṣẹ:
gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀,
panu dé, má mira,
má ṣẹ́jú.
Ọ̀gá ọlọ́pàá gan-an gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Fóònù dé. Kálukú di ayàwòrán ara rẹ̀.
Mo ká aṣọ búlúù, mo ti ṣọ́ọ̀bù,
mo gbé kámẹ́rà lọ sí àbàtà.

Sikírátù ló ń tukọ̀, ọmọ Jìnádù onígèrè,
obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ń gbé èèyàn mì.
Aago márùn-ún ààbọ̀. Ìkùukùu ń rú lójú ọ̀sà
bí oorù ẹ̀kọ gbígbóná.
Ó ní, "Bàbá Fọ́tò, èló lẹyẹ yìí máa san?"
Mo ní kò ní san kọ́bọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ta sínú ọkọ̀.

Lékeléke ni mo kọ́kọ́ rí,
àwọn tí a ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ wọn nígbà èwe.
Wọ́n fọ́n sórí ojúoró
bí aṣọ alágbàfọ̀ tí afẹ́fẹ́ já lókùn.
Ẹyẹ kékeré kan ń sáré lórí ewé òṣíbàtà,
ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ẹjọ́ ilẹ̀ lọ.
Ewé tẹ̀, kò rì.
Mo bi Sikírátù lórúkọ rẹ̀.
"Nílé tiwa, Ewé-má-rì là ń pè é."
N kò mọ̀ bóyá orúkọ ni tàbí àdúrà.
Mo tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mejìlá.
Ìgbà tí mo wò ó, ewé ni mo yà,
ewé, omi, ìrù, ewé.

Àfi agùfọn.
Ó dúró nínú omi tó dé orúnkún rẹ̀,
àwọ̀ eérú, ọrùn tó ká bí ìwọ̀.
Ẹ wo oníbàárà!
N kò ní kó má mira, kò mira.
N kò ní kó panu dé,
ẹnu rẹ̀ pa dé bí idà inú àkọ̀.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún.
Ẹ̀fọn jẹ mí dé ìpéǹpéjú,
apá tèmi ń gbọ̀n, tirẹ̀ ò gbọ̀n.
Ẹja kan ti gbàgbé pé ẹsẹ̀ ni,
ó ti rò pé eèsún ni.
Fìrí! Ó ti gbé e mì
kí ìka mi tó rántí iṣẹ́ ogójì ọdún.

Sikírátù ò sọ nǹkan kan.
Ó ti ìgèrè kan sómi, ó dúró dè mí.

Agùfọn kọjú sí mi,
ẹyinjú kan ṣoṣo, ó pọ́n bí ìyeyè.
Mo tẹ̀ ẹ́.

Ilé ni mo dé kí n tó rí i:
awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú náà.
Ẹyẹ ti ṣẹ́jú.

Irú fọ́tò báyìí, láyé ọjọ́sí, fífàya ni.
Bí Ṣìfáwù aya mi náà ṣe ń ṣe nìyẹn.
Bí mo bá ti ka ení, èjì,
ojú rẹ̀ á ti pa dé kí n tó dé ẹ̀ta.
Mo fà wọ́n ya, gbogbo wọn.
Mo ní a óò tún un yà lọ́la.
Ìlú odindi ló wà nínú àpótí mi báyìí,
ojú wọn là kedere, àgbọ̀n wọn wà lókè.
N kò rí i láàárín wọn.

Mo kan agùfọn mọ́ ògiri
níbi tí aṣọ búlúù wà tẹ́lẹ̀.
Sikírátù gbé ẹ̀pìyà méjì wá lọ́sàn-án,
ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó.
"Bàbá, ṣé ó ti sùn ni?"
Mo ní rárá, ó ń ṣẹ́jú ni.
Ó ní ká tètè jáde lọ́la o,
omi máa fà.