Ohun Tí Mo Búra Fún ní Kubwa

Lábẹ́ agbòòrùn búlúù lẹ́nu ọ̀nà kóòtù,
Iliya jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti darúgbó.
Ìlọrin ló ti kọ́ Yorùbá, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka owó.
"Màmá, kí ló sọnù?"
Ìwé ọ̀kadà ni.
"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nù?"

Ìbéèrè náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja.
Èdè tí wọ́n fi tọ́ mi ní Ọ̀fà
kò ya ẹni tó ju nǹkan nù
kúrò lára ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo sọ èépá ẹ̀pà nù.
Mo sọ òrùka ìgbéyàwó mi nù.
Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹjọ́ kan náà,
àfi bí ẹni tó ń gbọ́ bá wo ojú mi dáadáa.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù Múíbátù jóná ní Wuse,
kò sẹ́ni tó ní ó sọ aṣọ nù.
Òfò ló ṣe é, la wí,
bí ẹni pé Òfò jẹ́ àna kan tó mọ̀nà ilé,
tó jẹun tán, tó nu ọwọ́ sára kọ́tìnì.
Ọmọ mi kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé àṣetiléwá, kò fàmì sí i.
Tíṣà rẹ̀ kà á sí òfo, ó sì fún un ní òfo.
Mo lọ bá a jà. Lójú ọ̀nà ni mo rò ó pé
bóyá ni tíṣà náà jẹ̀bi.

Iliya ní rashi làwọn Hausa ń pè é:
àìní ni, àìsí náà ni.
Mo ní àwa náà ń sọ pé èèyàn ṣaláìsí.
Ó mi orí. Ó ki bébà bọnú ẹ̀rọ.

Ìyá wa a máa wí pé
ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù.
Nígbà yẹn, òwe lásán ni;
ó máa ń fi dẹ́rù bà wá ká má jìnnà sílé ni.

Àbúrò mi Mudaṣiru ló ni ọ̀kadà náà.
Ó gbé e ti ògiri ẹ̀yìnkùlé mi,
ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ ra àgbàdo ní ọ̀nà Birnin Gwari.
Oṣù kẹsàn-án rè é.
Kò sí ìpè, kò sí sàréè, kò sí ẹni tó bèèrè owó ìràpadà.
Àwọn alájọgbé ń bi mí bóyá ká ṣe àdúà,
wọn ò sì mọ irú èyí tí wọn yóò ṣe.
Èmi ni mo fún un lówó ọkọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nù?"

Mo ní ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́wọ́ lé Kùránì níwájú akọ̀wé kan tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Wọ́n lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí inki ti ń gbẹ.
Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà;
Iliya ò ní ṣéńjì.

Ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kadà ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí.
Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú pọ́ọ̀sì mi,
ó ń dún mọ́ fóònù bí fóònù ti ń gbọ̀n.
Mi ò tíì gbé e.