Kí O Tó Wọ Iyanrìn

Mananjara, wọ́n ní o ti ra ọkọ̀.
Wọ́n ní ó pupa, ó ń dán bí ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde.
Wọ́n tún ní o fẹ́ fi wá sílé.
Ó dára. Gbọ́.

Ọ̀dà tó ti Toliara wá kò ní í bá ọ dé ibi kankan.
Bí o bá kọjá ilé epo tó gbẹ̀yìn, níbi tí Soafara ti ń ta iyọ̀,
yóò kàn parí ni, láìkí ọ pé ó dìgbà,
bí ẹni tó rántí pé òun da nǹkan sórí iná.
Ra epo níbẹ̀. Kún táńkì, kún kẹ́ẹ̀gì méjì.
Má gbọ́ ti ẹni tó bá ní epo wà níwájú:
inú ìgò ló wà, omi ló sì pọ̀ níbẹ̀.

Kí o tó wọ iyanrìn, sọ̀ kalẹ̀.
Tú afẹ́fẹ́ taya sílẹ̀ títí ikùn rẹ̀ yóò fi tẹ́
bíi ti adìyẹ tó sàba.
Taya tó yó kò mọ ilẹ̀ tẹ̀,
ṣe ni yóò gbẹ́ kòtò, tí yóò sì jókòó sínú rẹ̀.
Má dúró ya fọ́tò igi oṣè.
Igi oṣè ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa,
yóò dúró dè ọ́.
Iyanrìn kò fẹ́ agbára, kò sì fẹ́ ojo:
máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, má yára, má dúró,
bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Bí o bá rì (o máa rì)
má tẹná.
Pe àwọn ọmọ tó ń da ewúrẹ́.
Èyí tó bá kọ́kọ́ fi ọ́ rẹ́rìn-ín ni kí o bẹ̀,
òun ló mọ̀ ọ́n yọ.

Níbi tí ọ̀nà ti yà sí mẹ́ta, tẹ̀lé ìgbẹ́ màlúù.
Etí òkun le dáadáa nígbà tí omi bá fà,
àmọ́ bi àwọn apẹja léèrè kí o tó wọ̀ ọ́.
Jíìpù àwọn àlejò kan ṣì wà níbẹ̀ láti èṣí;
akàn ló ń gbé níjòókòó awakọ̀.

Bí ọkọ̀ náà bá ń dùn ọ́, fi í sílẹ̀ nígboro.
Ọkọ̀ ẹrù Rebiby ń gbéra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
tàbí Ọjọ́rú, tàbí nígbà tó bá kún.
Apá òsì ni kí o jókòó sí lórí àpò ìrẹsì,
ẹ̀gún ń fa aṣọ ya lápá ọ̀tún.
Tàbí kí o wọ ọkọ̀ ojú omi alápá kan, ní ìdájí,
kí afẹ́fẹ́ gúúsù tó jí.
Ìyẹn ni o wọ̀ lọ. O bì títí ilé fi pòórá.

O lè bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà.
N kò wà á rí.
Àwọn tó rì ló ń sùn sílé mi.
Mo ń se ìrẹsì fún wọn, wọ́n ń ráhùn, mo ń tẹ́tí.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣa ọ̀nà yìí jọ lẹ́nu wọn
nítorí mo mọ̀ pé o máa béèrè.

Má fun fèrè bí o bá dé.
Ìyá kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn gbogbo ẹ́ńjìnnì etíkun yìí,
yóò bèèrè pé ti ta ni eléyìí,
n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ fún un.
Gbé e sábẹ́ igi àjàgbọn.
Bọ́ bàtà. Fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Àti pé má gbàgbé pọ́ǹpù,
ká lè fẹ́ taya yẹn padà.
Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí o tètè lọ o.