Àkọlé Ojú Ìwé Kìn-ín-ní

Aago mọ́kànlá alẹ́, ní Oulu ti ilẹ̀ Finlandi,
òjò dídì ti bo fèrèsé.
Èmi Aulikki ni mo ń sọ ìròyìn lórúkọ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Wọ́n ní orúkọ ní í ro ọmọ.
Ta ni yóò wá bi mí léèrè ohun tí mo sọ ọmọ ọlọ́mọ?

Ní oṣù kẹta, ọkùnrin kan wa ọkọ̀ wọ àárín èrò
lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja.
Ẹ̀jẹ̀ kò tíì dì lórí yìnyín
tí mo ti kọ ìsìn rẹ̀ ṣíwájú orúkọ rẹ̀,
lẹ́tà gàdàgbà, dúdú bí èédú.
A kò tíì mọ ohun tó ń rò. A kò bi ẹnikẹ́ni.
Orúkọ bàbá rẹ̀ ti tó ẹ̀rí fún wa.

Ní oṣù kẹwàá, Veli-Matti gbé ìbọn wọ ilé ìkàwé.
Eléyìí kọ ìwé sílẹ̀, ojú ewé mọ́kànlá:
ó dárúkọ Ọlọ́run rẹ̀, ó dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀,
ó ka àwọn tí kò yẹ kó máa mí ní ilẹ̀ yìí
bí ẹni ń ka gbèsè.
Mo kà á tán. Ọ̀gá mi náà kà á.
"Ọkàn rẹ̀ ló dàrú," ni ọ̀gá wí, "ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú."
Aládùúgbò ní ó máa ń fún ẹyẹ lóúnjẹ nígbà òtútù.
Mo kọ ọ́: ẸNI JẸ́Ẹ́JẸ́Ẹ́ TÍ ÌBÀNÚJẸ́ DÀ LÓRÍ RÚ.
Mo fi ẹyẹ sí ìlà kejì.

Hodan, ará Sòmálíà, ló ń nu tábìlì wa lóru.
Òun ló ń kọ́kọ́ ka ìwé ìròyìn ní ìlú yìí,
ká tó tẹ̀ ẹ́, tòun ti àkísà tútù lọ́wọ́.
Ó wo ojú ẹ̀rọ mi pẹ́.
"Eléyìí kò ní ìsìn ni?"
Kò gbóhùn sókè. Bí ẹni ń béèrè ibi tí a gbé ọṣẹ sí ni.
"Ní oṣù kẹta, ọmọ mi kò lè lọ sílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì.
Wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ọkọ̀ tí kì í ṣe òun ló wà á."

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé.
Ní oṣù kẹta, èjìká ni mo ti gé apá.
Ní oṣù kẹwàá, mo wọ ìbọ̀wọ́ fún ìka.

Mo pa ẹyẹ rẹ́.
Mo fẹ́ kọ ohun tó gbà gbọ́, bó ṣe kọ ọ́ gan-an;
ọwọ́ mi dúró: ṣé kí n wá di ẹnu fún apànìyàn?
Bí mo bá sì fi í pamọ́, irọ́ ni mo pa.
Mo jókòó síbẹ̀ títí kọfí mi fi tutù.

Níkẹyìn, mo to orúkọ òkú mẹ́rin:
Tellervo, tó ń to ìwé; Aapo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án;
Bashir, tó wá yá ìwé gírámà;
Irja, tó kàn wá yáná.
Lábẹ́ wọn, ní lẹ́tà kéékèèké:
ó kọ ohun tó gbà gbọ́ sílẹ̀, ẹ wo ojú ìwé kẹfà.

Hodan gbé garawa rẹ̀. Kò yìn mí.
Nígbà tí mo jí lọ́sàn-án,
ẹyẹ ti padà sí ìlà kejì.