Òṣòó Ọjọ́ Mẹ́ta

Ní Òkèṣà, lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì,
nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri onílé kejì,
mo ní ìsọ̀ kan.
Kò lórùlé, kò ní pẹpẹ,
agbowó-òde kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Àtàǹpàkò méjì ni mo fi ń ṣí i,
àti dátà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.

Ìlú Ìkùukùu lorúkọ ibẹ̀, nínú géèmù.
Òkè rẹ̀ ń jó, kò jó tán.
Àwọn ènìyàn ń bá ejò abìyẹ́ jà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru
nítorí ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀.
Èmi kì í jà.
Kí alágbára máa lọ;
bí idà bá kán mọ́ ọn lọ́wọ́,
ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti ra irin?

Kò sí ọba tó ń dá iye lé ọjà wa.
Àwa tí a ń tà, àwa tí a ń rà, la jọ ń fà á bí okùn.
Bí iléèwé bá gba ìsinmi, àwọn ọmọ á ya wọ inú igbó,
ìpẹ́ á pọ̀ bí èèpo ẹ̀pà.
Màá rà, màá kó pamọ́,
títí ìdánwò yóò fi dé tí igbó yóò dá páropáro.
Nígbà náà ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Wúrà gidi wà nílẹ̀ wa, ẹ má rò pé n kò mọ̀.
Àwọn tó ń wà á ti sọ omi odò di ẹrẹ̀.
Tèmi kì í ba omi jẹ́.

Abẹ́rẹ́-Dúdú ló gbé ogójì ìpẹ́ lọ láwìn.
Òkẹ́ méjì wúrà.
N kò mọ ojú rẹ̀. Ó lè wà ní Kánò, ó lè wà ní Kánádà.
Ọ̀la, ló wí. Ọ̀la bímọ, ó sọ ọ́ ní Ọ̀túnla.
Bẹ́ẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́nu bodè kún dẹ́nu.

Mo bá rántí Fápohùndà, baba ìyá mi,
tó forí ru aṣọ láti Iléṣà dé Àkókó,
tó tà á láwìn nígbà òjò,
tó padà lọ nígbà kòkó.
Wọ́n á ní, Òṣómàáló, ẹ jókòó, ẹ mu omi.
Á ní rárá.
Ẹni tó jókòó ti di àlejò;
ẹni tó lóṣòó, owó ló wá gbà.

Ìyá arúgbó oníborùn pupa ni mo jẹ́ nínú géèmù.
Mo mú un rìn dé iwájú ìsọ̀ Abẹ́rẹ́-Dúdú,
mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ṣe fún sísápamọ́ fún ìkookò:
ìyá lóṣòó.
Ọjọ́ kìíní, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín.
Wọ́n múná lọ; mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ní Ẹrẹ̀jà,
mo fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bọ́ ìyá.
Ọjọ́ kejì, ẹnì kan béèrè ohun tí mò ń ṣe.
Mo tẹ̀ ẹ́ sí i: Owó ni.
Ó dákẹ́. Ó lóṣòó tì mí. Abẹ́rẹ́-Dúdú jẹ òun náà.
Kílẹ̀ tó mọ́, a ti di mọ́kànlá,
àwọn mìíràn láti ibi tí oòrùn wà lókè nígbà tí òru bò wá.
Oníbàárà kan kò rí àyè kọjá.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ó san òkẹ́ kan ààbọ̀.
Ìyókù, ẹja tó ń fò ló fi dí i.
Mo gbà á. Kí ni n bá ṣe?
Ọmọkùnrin kan ní Ifẹ̀ ra wúrà náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ó lé díẹ̀,
owó wọlé kí n tó ṣẹ́jú.

Ìyá mi gbọ́ ìtàn náà, kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní nígbà tí bàbá òun kú, orúnkún rẹ̀ kò nà mọ́,
wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ kí pósí tó gbà á.
Ó wo tèmi.
Orúnkún mi ń dán, kò ní àpá.
Mo ní, àtàǹpàkò ló ń dùn mí.
Ó lọ mú róòbù wá.